Ìpè Kẹta Létí Ọ̀sà

"Ìpè kìíní," ni Òṣùwọ̀n wí.

Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn obìnrin tí kò bínú rí láyé ẹ̀. Ẹ̀rọ róbótó ni, kò ju igbá ìmumi lọ, ó ń mì dirodiro lọ́rùn Ìbíyẹmí, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Ìbíyẹmí húkọ́ lẹ́ẹ̀kan láti la ọ̀fun, ó fa ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tọ́, ó sì pè.

"Màmá!"

Arúgbó tó jókòó sórí àga kò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Awò dúdú bo ojú rẹ̀, ẹ̀rọ etí méjèèjì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń wa ọkọ̀ ojú omi tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà kò rí. Ó wà á sọ́tùn-ún, ó wà á sósì. Èjìká tí kò gbéra láti ọdún méjì wá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èjìká ọmọge.

"Kò sí ìdáhùn," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ìpè kejì."

"Ẹ sinmi dáadáa o, awọnhùn," ni Mọ́ńsúrátù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Kó má baà rẹ̀ yín kí ẹ tó pa iṣẹ́ mi tán."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìbíyẹmí ti fi ṣe awọnhùn, ẹni tó ń díwọ̀n orin géèmù fún Àjọ Ìwọ̀n-Ohùn, kò sì sí èébú tí àwọn tó ń ṣe orin sínú géèmù kò tíì bú u. Wọ́n ti pè é ní apa-orin. Wọ́n ti pè é ní elétí igi. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ ṣe orin ẹ̀sín tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n Mọ́ńsúrátù yìí kì í pariwo. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ìbòrí funfun wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kún fún àpá okùn àwọ̀n, torí àwọ̀n ẹja ló ń tún ṣe kó tó di pé ó fi àdánwò àti àṣìṣe kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ orin. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà á sì wọ egungun.

Ọkọ̀ èrò kan kọjá nísàlẹ̀, gbogbo ilé mì díẹ̀. Orí omi ni Ilé Àgbà, ilé ìtọ́jú arúgbó náà, léfòó sí, bí gbogbo ilé ṣe ń léfòó ní Ẹ̀pẹ́ láti ọdún Ìkún, tí omi bo ilẹ̀, wá. Lórí tábìlì, páálí géèmù náà yọ̀ díẹ̀, ó sì dúró. *Ọ̀sà Àárọ̀* ni wọ́n kọ sí i lára. Lábẹ́ orúkọ yẹn, òrùka kan wà tí ohunkóhun kò tíì sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ Àjọ máa ń wà. Ìpè Kan ni ti ọmọdé: o pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn, ó wá jẹun. Ìpè Méjì ni ti àgbà. Ìpè Mẹ́ta, ó di ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Èyí tí orin rẹ̀ bá wọni lára kọjá ìpè mẹ́ta, wọn kì í lu òǹtẹ̀ fún un. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ni yóò pa á, níbi gbogbo tó bá wà láyé, lójú ẹsẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi." Dúródọlá ló sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Màmá, géńdé ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Abọ́ ọ̀gì gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣíbí kékeré sì wà nínú rẹ̀. "Rọ́bà tí a kì bọ̀ wọ́n nímú ni mo fi ń bọ́ wọn fún ọdún méjì. N kò gbọ́ ohùn wọn rí. Mo ti gbà pé wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Àlàájà Mọ́ńsúrátù gbé géèmù yìí dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá yìí. Mo sáré wọlé, mo ṣe bí àlejò ni. Àwọn ni! Bí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀ nínú orin yẹn, wọ́n á la ẹnu fúnra wọn. Ṣíbí mẹ́rìnlá ni wọ́n gbà lánàá, Àǹtí. Mẹ́rìnlá."

"Òṣùwọ̀n ò mọ ọ̀gì," ni Mọ́ńsúrátù wí.

"Wọ́n kọ̀wé sí Àjọ," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹnìkan kọ̀wé pé bí wọ́n bá ń pe àwọn àgbà ilé yìí, wọn kì í dáhùn mọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí Àjọ ṣe?"

"Kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá," ni Mọ́ńsúrátù wí.

"Òfin kò fẹ́ ohùn àlejò. Ohùn tí ẹni tó ń gbá géèmù mọ̀ jù lọ ló gbọ́dọ̀ pè é. Èmi ni màmá mi mọ̀ jù lọ."

"Ó mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀, ìgbà wo lẹ wá síbí gbẹ̀yìn?"

Ìbíyẹmí yíjú sí fèrèsé. Oṣù mẹ́rin ni. Ìdí tí kò fi wá kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì ní jẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde: kò lè fara da kó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀, kí ojú yẹn sì máa wo ògiri.

"Ìpè kejì," ni Òṣùwọ̀n wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó sún mọ́ àga náà. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ etí. "Màmá! Màmá mi, èmi ni o! Ìbíyẹmí ni!"

Ọwọ́ tó ń wa ọkọ̀ dúró. Gbogbo wọn ló rí i. Ó dúró bí ìgbà tí èèyàn bá mí sínú tí kò tíì mí síta, ètè arúgbó náà sì mì, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, sọ́tùn-ún, sósì.

"Kò sí ìdáhùn," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ìpè kẹta, tí í ṣe ìgbẹ̀yìn."

"Ó dúró!" Dúródọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọ̀gì nù. "Ọwọ́ wọn dúró! Ẹ sọ fún un!"

"Ọwọ́ kọ́ la fi ń dáhùn," ni Ìbíyẹmí wí.

Mọ́ńsúrátù wọ yàrá tán wàyí. Ó ti àpótí ìjókòó kan sí Ìbíyẹmí, ó fa òmíràn, ó jókòó síwájú rẹ̀, orúnkún kan orúnkún. "Ẹ má pè é mọ́. Ẹ fi ìka bo ojú ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn yín yẹn, ẹ sọ pé ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́. Tèmi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"N kò lè purọ́, Àlàájà."

"Ẹ kò lè purọ́, ẹ lè pa ìyá yín?"

"Àlàájà!" Dúródọlá ló kígbe.

Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́. Kò bínú. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí pé ẹnìkan yóò bi òun ní ìbéèrè yẹn tààrà. "Lọ́dún Ìkún, mo ní àbúrò kan. Ṣíjúwadé. Ó wà nínú gbọ̀ngàn géèmù kan, àwọn mọ́kànlélógójì. Orin ibẹ̀ dùn, Àlàájà. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ láti ìta, ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa wọlé láì bi mí. Omi ti dé orúnkún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pè é. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tún pè é. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí omi dé àyà mi, mo sá." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni ìgbìmọ̀ bi léèrè pé ìpè mélòó ló yẹ kí òfin gbà láyè. Mo ní mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ mi ni nọ́ńbà yẹn ti wá."

Mọ́ńsúrátù tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ wá di ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ra àpá ọwọ́ rẹ̀. "Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín. Ó ti pẹ́."

"Kò pẹ́ lójú ẹ." Ó ti fi "ẹ̀yin" sílẹ̀, ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ ọ́. Ó ki ọwọ́ sápò, ó yọ ẹ̀rọ etí mìíràn jáde, ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì nà án sí i. "Gbà. O ti pa orin mélòó láyé ẹ, tí o kò gbọ́ ọ̀kan rí. Kí o tó pa tèmi, gbọ́ ọ."

Òótọ́ ni. Awọnhùn kì í gbọ́ ohun tó ń wọ̀n. Kò sí nínú òfin. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ìbíyẹmí wo Òṣùwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló kù. Ó gba ẹ̀rọ náà, ó fi sétí òsì.

Ó rò pé orin ni òun máa gbọ́. Omi ló kọ́kọ́ gbọ́. Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó, kó, kó, kò sì pẹ́ tó fi mọ̀ pé kì í ṣe omi lásán, agídìgbo kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ta ahọ́n irin kan náà bí omi bá ti kan pákó. Bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bá yá, orin náà á yá. Bí ọwọ́ náà bá falẹ̀, á falẹ̀ tẹ̀ lé e, á dúró dè é. Kò sí ibi tí orin náà ti ń parí, kò sì sí ibi tó ti ń pariwo. Àwọn obìnrin ń kùn lókèèrè, bí àwọn tó ń fa àwọ̀n tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ń kọrin. Ẹyẹ omi kan ké lápá ọ̀tún, ọrùn Ìbíyẹmí sì yí sápá ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ó rántí òtútù ìdájí lórí apá, ó rántí òórùn pákó tútù. Báwo ló ṣe rántí ọkọ̀ tí òun kò wọ̀ rí? Ní ìdí ọkọ̀ náà, bàbá kan wà tí kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń húkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ ẹni tó ti mu tábà kó tó gbéra nílé, ìkọ́ náà sì ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé kò sí ewu.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Láti inú géèmù ló ti gbọ́ ọ, ohùn tí ẹ̀rọ gbé kúrò lẹ́nu arúgbó náà tó sì gbé sórí omi. Ohùn ọmọdé ni.

"Bàbá, ó tún pè lẹ́ẹ̀kan."

Bàbá húkọ́.

"Ọmọ yẹn ni. Ó ń pe màmá ẹ̀ létí omi." Kó, kó, kó. "Ó mà ṣe mí láàánú o. Ṣé màmá ẹ̀ ò gbọ́ ni? Kí màmá ẹ̀ dá a lóhùn o jàre."

Ìbíyẹmí di apá àga mú.

"Kí ló dé?" Mọ́ńsúrátù béèrè. "Kí lo gbọ́?"

"Ó gbọ́ mi." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé tí wọ́n fi èdè àjèjì kọ. "Àlàájà, ó gbọ́ mi látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àánú mi tilẹ̀ ń ṣe é. Kò mọ̀ pé òun ni mò ń pè."

Nínú ọkọ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe màmá ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tó ti dé Ilé Àgbà yìí, ta ló pè é ní nǹkan mìíràn? Dúródọlá ń pè é ní Màmá. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ń pè é ní Màmá. Fọ́ọ̀mù tó wà nínú Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, "Màmá Fẹ̀hìntọ́lá" ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí pé akọ̀wé tó kọ ọ́ náà ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ó wá rántí bàbá kan ní Ìwó, ní ọdún kẹfà tó wọṣẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tò yí i ká, wọ́n ń pè é, Bàbá, Bàbá, Bàbá wa. Kò dáhùn. Òṣùwọ̀n pa orin náà, àwọn ọmọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Àgbà mélòó ni wọ́n ti pè bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀? Ara rẹ̀ kọ̀ láti kà á.

"Mo máa fi orúkọ pè é," ló wí.

Ṣíbí jábọ́ lọ́wọ́ Dúródọlá. "Màmá yín? Ẹni tó bí yín lọ́mọ? Ẹ máa la ẹnu yín, ẹ máa pe orúkọ wọn gbàgà?"

"Gbé ṣíbí ẹ nílẹ̀," ni Mọ́ńsúrátù wí fún un. Ó kọjú sí Ìbíyẹmí. "Orúkọ wo?"

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Fẹ̀hìntọ́lá, orúkọ ọkọ ni. Dọ̀káàsì, ọjọ́ tó ṣe ìrìbọmi ni wọ́n fún un, ó sì ti tó relé ọkọ nígbà náà. Ìpè kan ṣoṣo ló kù. Bó bá pe orúkọ tí ọmọ inú ọkọ̀ yẹn kò mọ̀, orin náà parí, ọkọ̀ parí, rọ́bà imú á sì padà dé lọ́la. Ìbíyẹmí dijú. Ó wá ìyá rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjá ilé ọkọ, títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi iyanrìn ṣeré ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá àgbà ń se ẹja, iyọ̀ tán, ó sì na ọrùn sínú ilé láti pe ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìbíyẹmí gbọ́ orúkọ yẹn. Ó rántí pé òun rẹ́rìn-ín, torí òun kò mọ̀ pé ẹnìkan lè pe màmá òun bí ẹni pe ọmọ.

"Ìpè kẹta," ni Òṣùwọ̀n wí.

Ó kúnlẹ̀. Kò ronú sí i, orúnkún rẹ̀ ló mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bí ẹnu rẹ̀ bá máa sọ ohun tí ẹnu ọmọ kì í sọ, ó dára kí ara yòókù wà nílẹ̀. Ó wá na ohùn náà bí ìyá àgbà ṣe nà án, kó lè rìn lórí omi.

"Àwẹ̀ró o!"

Ọwọ́ dúró.

Orin tó ń tẹ̀ lé ọwọ́ náà dúró. Àwọn obìnrin tó ń kùn panu mọ́, ẹyẹ panu mọ́, ó ku ẹyọ ahọ́n agídìgbo kan tó ń mì létí òsì Ìbíyẹmí, tín-ín-rín, bí ohun tó ń dúró de èsì. Arúgbó náà gbé orí sókè. Ó yí ojú tí awò bò sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Mà!"

Ó ké e jáde ketekete, tí gbogbo yàrá gbọ́ ọ, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń dá àgbà lóhùn.

"Ìdáhùn wọlé," ni Òṣùwọ̀n wí. "Orúkọ tí ẹ pè kò sí lórí fọ́ọ̀mù. Ṣé kí n fi sí i?"

"Fi sí i."

"Mo ti fi sí i. Ìpè Mẹ́ta. Ẹ lè lu òǹtẹ̀."

Dúródọlá ti ń sunkún, ó ń fi apá ńlá rẹ̀ nu ojú. "Má sunkún sínú ọ̀gì," ni Mọ́ńsúrátù wí fún un. Ó ti fi etí ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

Ìbíyẹmí kò tíì dìde. Arúgbó náà ṣì kọjú sí i, ó ń na ọrùn bí ẹni tó ń wo inú kùrukùru.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ọmọ inú ọkọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín mà? N kò rí yín dáadáa."

Aago méjì ọ̀sán ni. Oòrùn ń ràn wá láti fèrèsé, ó tàn sórí irun funfun náà. Ọdún méjì ni Ìbíyẹmí ti ń tọrọ pé kí ìyá òun béèrè ìbéèrè kan, ìbéèrè yòówù, lọ́wọ́ òun. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yín ni mí. Ó kàn kó sọ ọ́ ni. Ó sì rí i, bó ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn máa ṣe: ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà lórí omi pẹ̀lú bàbá rẹ̀, kí ẹnìkan jù ú lójijì sínú ara tí kò mọ̀, sínú yàrá tí bàbá rẹ̀ kò sí.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ará etí omi ni mí," ló wí. "Káàárọ̀, Àwẹ̀ró. Ṣé ẹ rí ẹja?"

"A rí i mà! Bàbá ní kò tíì sí irú ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí." Ó tẹ̀ ba, ó ń wá nǹkan nínú ọkọ̀, ó gbé e dání, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó hunjọ, ó ń gbọ̀n nítorí bí ohun tó wà níbẹ̀ ṣe wúwo tó. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ kan wà níbẹ̀ yẹn tó ń pe màmá ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ bá mi fún un. Ó lè jẹ́ ebi ló ń pa á."

"Màá fún un," ni Ìbíyẹmí wí.

Ó sì gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, torí ẹja náà tóbi.